Ẹ Má Fi Alẹ́ Ọjọ́ Kan Rántí Fájuyì

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin wọlé tọ̀ mí wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi kí n wò ó. Orúkọ rẹ̀ ti jáde lára àwọn tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ológun. Zaria ló ń lọ gba ẹ̀kọ́ ológun. Ìyá rẹ̀ ti ń sunkún ní kíṣìnì. Èmi, ẹ̀rín ni mo rín, nítorí mo rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tèmi sunkún lọ́dún 1967, tó tún fi ọmọrogùn lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

Mo bi í pé ta ló mọ̀ nínú àwọn ṣọ́jà ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní, “Fájuyì.” Mo ní kí ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó bá Ironsi kú ni, Bàbá àgbà.” Mo dúró kó fi kún un. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ibẹ̀ náà la ti máa ń wọ ọkọ̀.”

Adó-Èkìtì la wà, kò sì purọ́. Ọgbà ìgbafẹ́ Fájuyì wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ń pè é láàárọ̀ lálẹ́. Ọmọ yìí ti ń sọ “Fájuyì wà o” fún kọ́ńdọ́ láti kékeré, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀ nínú ayé ọkùnrin tó ń dárúkọ. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Òun ni mo ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ náà, ẹ fetí síbí, ẹni tó ń lọ sí bárékè àti ẹni tí kò lọ.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ènìyàn láti ìdí.

Ọdún 1926 ni wọ́n bí Francis Adékúnlé Fájuyì. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, kó tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1943. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọdún yẹn sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ogun wa sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìhà Íńdíà, kí wọ́n lè lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Iṣẹ́ ọba òyìnbó ni iṣẹ́ ṣọ́jà. Bí o bá ti mọ ìwé díẹ̀, kí ló kù tí o ń wá lọ sídìí ìbọn? Ohun tí àwọn òbí ìgbà yẹn ń bi ọmọ nìyẹn. Ó lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Láti 1943 títí dé 1966, ọdún mẹ́tàlélógún ni. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ṣe ohun ńlá lóru ọjọ́ kan, ẹ béèrè ohun tó ti ń ṣe láti àárọ̀.

2. Ẹ má fọwọ́ kékeré mú oúnjẹ ẹni tó wà lábẹ́ yín.

Lọ́dún 1951, sájẹ́ǹtì ni Fájuyì ní ẹ̀ka sígínà, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà àti rédíò. Àwọn ṣọ́jà tó wà ní ẹ̀ka rẹ̀ dìde lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ráṣàn ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ di ọ̀tẹ̀. Fájuyì wà lára àwọn tó pa iná náà kó tó ràn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ British Empire Medal nítorí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa sọ. Ẹ máa ní ọmọ òyìnbó ni, ó bá ọ̀gá dínà mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni èmi fúnra mi di sájẹ́ǹtì, ojú mi sì là. Sájẹ́ǹtì kì í gbé lókè, kì í gbé nísàlẹ̀. Ìkòkò kan náà ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bu oúnjẹ. Tí iyanrìn bá wà nínú ìrẹsì, eyín tirẹ̀ náà ló ń ta kò ó. Síbẹ̀ òun ni ọ̀gá ń pè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Tó bá dákẹ́, wọ́n á yìnbọn. Tó bá pariwo, wọ́n á yìnbọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọkùnrin tí ebi ń pa, tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì wọlé, àwọn ọmọkùnrin náà ti ní láti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pé kì í jí ẹran inú ọbẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n gbé mi sí ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹni tó wà nídìí ìpín oúnjẹ ibẹ̀ ní agolo kan tó fi ń wọn gààrí fún wa. Agolo náà kún dáadáa lójú. Lọ́jọ́ kan ó lọ kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ, ó ní kí n bá a wọn ti ọjọ́ náà. Mo yí agolo dojú dé kí n gbọn eruku rẹ̀, ni mo bá rí i pé wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó rí kókó bí ọmú àgbọ̀nrín. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń jẹ lórí agolo kọ̀ọ̀kan, àwa ọgọ́fà ọmọkùnrin là ń jẹun níbẹ̀, lójoojúmọ́. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà kọ́ ilé nìyẹn. Bí ó ti dé, mo gbé agolo náà lé e lọ́wọ́, n kò sọ nǹkan kan. Kò tún sọ̀rọ̀ sí mi títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì, agolo tuntun ló wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí kò ní lọ sí bárékè, ẹ má rò pé kò kàn yín. Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì nínú ṣọ́ọ̀bù ti di ọ̀gá ráṣàn.

3. Bí wọ́n bá gbé yín ga, kí ẹsẹ̀ yín má gbàgbé ilẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni Fájuyì lò láàárín àwọn ṣọ́jà kékeré kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ́fíṣà. Ọdún 1954 ni wọ́n rán an lọ sí Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ́fíṣà ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Lónìí, ọmọ ọdún méjìlélógún ń jáde nílé ẹ̀kọ́ ọ́fíṣà ní Kàdúná pẹ̀lú ìràwọ̀ léjìká, ó sì ń pe ẹni tó ju bàbá rẹ̀ lọ ní “ìwọ”. Òfin fún un láyè. Ẹ̀kọ́ ilé ńkọ́?

4. Iye ẹni tí ẹ mú padà bọ̀ ni kí ẹ máa kà.

Ọdún 1960 ni ilẹ̀ Kóńgò gba òmìnira, lójú ẹsẹ̀ ni ó sì dàrú. Katanga ní òun yóò dá dúró. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó àwọn ọmọ ogun jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira sì wà lára wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun wa máa lọ dúró láàárín ìjà oníjà lábẹ́ àsíá tiwa.

Lọ́dún 1961, mẹ́jọ̀ ni Fájuyì. Ó ń darí kọ́ńpìnnì kan nínú Bàtálíọ̀nù Kẹrin, ní àríwá Katanga. Ọ̀tá ba dè wọ́n. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nínú ibùba náà, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Military Cross.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì bọ́ sínú ibùba rí, ẹ má jẹ́ kí fíìmù tàn yín. Kò sí orin níbẹ̀. Igbó á kọ́kọ́ dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àwọn ẹyẹ á panu mọ́. Lẹ́yìn náà, ìbọn á máa ti ọ̀tún àti òsì dún lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ kò sì ní rí ẹnikẹ́ni, ewé nìkan lò ń rí tó ń já bọ́. Ara á sọ fún ọ pé kí o dùbúlẹ̀. Bí gbogbo yín bá dùbúlẹ̀, gbogbo yín lẹ máa kú síbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde kó sọ fún àwọn yòókù ibi tí wọ́n máa gbà. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì nígbà ogun abẹ́lé, ẹni tó dìde lẹ́ẹ̀kejì kò bá wa délé.

Àwa Yorùbá máa ń fi iye ẹni tí akọni pa kì í. N kò bá yín jà sí i, oríkì ni, ó ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fi àmì sí àyà ọmọ Adó yìí ni àwọn ọmọkùnrin tó rìn jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn délé, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ.

5. Ìbọn tí wọ́n fún yín láti ṣọ́ ilé, ẹ má yí i sí onílé.

Èyí ni mo fi ń bẹ ọmọ ọmọ mi jù. Ní ìdájí ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn mẹ́jọ̀ kan rò pé àwọn yóò fi òru kan tún Nàìjíríà ṣe. Olóòótọ́ wà nínú wọn, n kò ní purọ́. Ìlú sì ti bàjẹ́ lóòótọ́: lẹ́yìn ìbò ọdún 1965, ẹ̀yin ò mọ ohun tí “wẹ́tìẹ́” jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn yìí, bí wọ́n ti ń rọ pẹtiróòlù sára ilé àti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òru náà bí. Wọ́n pa olórí ìjọba, wọ́n pa àwọn olóṣèlú, wọ́n sì wọ ilé àwọn ọ̀gá tiwọn. Brigadia Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Oǹdó, inú yàrá rẹ̀ ní Kàdúná ni wọ́n ti pa òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n pa Kọ́nẹ̀lì Ṣódẹ́indé náà. Ẹ̀jẹ̀ oṣù kìíní pe ẹ̀jẹ̀ oṣù keje tí mo ń bọ̀ wá sọ, ti oṣù keje pe ìpakúpa àwọn Ìgbò ní Òkè Ọya, ìyẹn sì pe ogun oṣù ọgbọ̀n. Ogun náà ni èmi lọ.

Ironsi ló gba ìjọba Nàìjíríà lẹ́yìn òru oṣù kìíní, òun ló sì fi Fájuyì ṣe gómìnà ológun fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ó ṣe é fún oṣù mẹ́fà àti díẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí n yìn ín fún ìyẹn. Ní tèmi, ipò gómìnà kọ́ ni mo fi ń ka ọlá rẹ̀. Ṣọ́jà tó dára jù lọ gan-an, ibùjókòó rẹ̀ kò sí nílé ìjọba.

6. Àlejò tó ti mu omi yín, ẹrù yín ni.

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1966, Ironsi wà n’Ìbàdàn, ó wá bá àwọn lọ́balọ́ba sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Fájuyì, ní Ilé Ìjọba, ló dé sí. Lóru ọjọ́ náà, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta, kò sì pẹ́ tí àwọn ṣọ́jà fi yí Ilé Ìjọba ká n’Ìbàdàn. Ọjọ́ 29, wọ́n mú onílé àti àlejò, wọ́n gbé wọn lọ sí Lálúpọn, lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì pa wọ́n. Ọmọ ogójì ọdún ni Fájuyì.

Wàyí o, ẹ máa gbọ́ ìtàn náà lọ́nà méjì. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ dá Fájuyì sí, òun ló ní bí wọ́n bá máa mú àlejò òun lọ, kí wọ́n mú òun náà. Àwọn mìíràn ní rárá, àwọn tó wá lóru ọjọ́ náà ti ní òun náà lọ́kàn. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu, mo ti gbọ́ ọ ní Mámì Mákẹ́ẹ̀tì, mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n torí rẹ̀ kò kí ara wọn fún ọdún kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ rí ni pé Fájuyì tọ́ka sí yàrá tí àlejò wà, kó wá gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kò sí ìtàn bẹ́ẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ti mú àwọn méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n kú sí.

Ẹ bi mí ibi tí mo wà. Ti àkọ́kọ́ ni mo gbà, n kò sì gbà á torí pé ó dùn létí. Mo gbà á nítorí ọdún 1951 àti ọdún 1961. Ẹni tó ti dúró láàárín ọ̀gá àti àwọn tí ebi ń pa, ẹni tó ti dìde nínú ibùba nígbà tí ara ní kó dùbúlẹ̀, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn? Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ojú ti àwọn tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé idán ni.

Ẹ tún wò ó pé ọmọ Umuahia ni àlejò yìí. Èdè wọn kò papọ̀, ilé wọn jìnnà síra, oṣù wọ̀nyẹn sì ni gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yà ara wọn bí ẹni ka eegun ẹja. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí àlejò bá wọlé, omi là ń kọ́kọ́ bù fún un, kí á tó bi í pé ṣé àlàáfíà ló bá dé. A kì í béèrè ibi tó ti wá ká tó bù ú. Títí dòní, àwọn Ìgbò tó ti dàgbà máa ń yí ohùn padà tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ Fájuyì. Mo ti rí i lójú wọn. Ikú yá ju ẹ̀sín, òwe ni lẹ́nu gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ wa ló máa yan ẹ̀sín tí ilẹ̀ bá mọ́.

7. Ẹ ní ọ̀rẹ́ kan tí kò sọ èdè yín.

Bàbá kan láti ilẹ̀ Tívì ni ọ̀rẹ́ mi. Lóko ogun la ti pàdé, a jọ ń jẹun nínú abọ́ irin kan nítorí pé tirẹ̀ ti sọnù sódò. Ó fi ìṣó fín lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ sí etí abọ́ náà, èmi fín tèmi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìlà kan sì wà láàárín. Bí ẹran bá bọ́ sí apá tìẹ, tìẹ ni. Ó máa ń gbọn abọ́ náà díẹ̀díẹ̀ kí ẹran lè yí sọ́dọ̀ rẹ̀, èmi a sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. N kò gbọ́ Tívì, kò gbọ́ Yorùbá. Haúsá bárékè là ń sọ síra wa, tó kún fún àṣìṣe, àwọn Haúsá a sì máa fi wá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa ṣe é kọjá ogójì. Nígbà tí wọ́n rán ẹ̀ka tèmi lọ sí Lẹ́bánónì pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní nǹkan bí ọdún 1980, àkọ́bí mi ní ibà líle. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi yìí ló pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn lóru, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sùn sórí ilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá ọmọ. Bí mo dé, ọmọ mi ti mọ orin Tívì mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi náà kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo wọ ọkọ̀ láti Adó dé Makurdi, ọmọ ọdún mélòó ni mo sì jẹ́ nígbà náà? Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

8. Yunifọ́ọ̀mù kì í tọ́ ọmọ.

Fájuyì fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀. Oṣù keje ni wọ́n pa á. Oṣù kìíní ọdún 1967 ni wọ́n tó gbé e wá sílé wá sin. Ẹ ka oṣù náà lórí ìka. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan nínú oṣù mẹ́fà yẹn, tí ọmọ ń béèrè bàbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ni mí ní Adó lọ́dún yẹn. Ọ̀gá mi ti ìsọ̀, a sì jáde lọ wo ìsìnkú náà. N kò ga, n kò sì rí iwájú dáadáa. Ẹ̀yìn obìnrin kan tó pọnmọ ni mo dúró sí, ohun tí mo sì rántí jù ni pé ó ń tú ọ̀já rẹ̀, ó ń so ó, ó tún ń tú u, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà sùn, kò yọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo wọṣẹ́ ológun. Àwọn kan máa ń ní ìsìnkú yẹn ló mú mi lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ mi kò yá nídìí aṣọ ni.

Ẹ̀bi tèmi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rèé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́, n kò sì lè sọ orúkọ tíṣà kan ṣoṣo tó kọ́ àwọn ọmọ mi. Mo dé láti Lẹ́bánónì, mo ra bèbí fún ọmọbìnrin mi. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Bí wọ́n ti ń dáhùn ọ̀gá ní párédì ló ṣe dá mi lóhùn. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun ni ìyá ọmọ tó ń lọ sí Zaria yìí. Ẹkún tó ń sun ní kíṣìnì, mo mọ ibi tó ti ń bọ̀ ju bí ọmọ náà ti mọ̀ lọ.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi, máa pe ìyá rẹ. Kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo wí. Pè é, kó gbọ́ ohùn rẹ.

9. Ẹ tọ́jú ìwé yín.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, ìwé ìfẹ̀yìntì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ìyàwó tàbí ọkọ yín. Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ mi tí wọ́n kọ ní àṣìṣe, ọ́fíìsì kan dá owó ìfẹ̀yìntì mi dúró fún oṣù mọ́kànlá. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kí n lọ mú ẹ̀rí wá pé mo ṣì wà láàyè. Mo ní, “Èmi náà rèé.” Ó ní kí n lọ kọ ọ́ sínú ìwé.

10. Bí ẹ bá fẹ́ rántí ṣọ́jà, ẹ lọ sílé rẹ̀.

Orúkọ Fájuyì wà ní títì n’Ìbàdàn, ó wà ní bárékè Odogbo, ó wà ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n’Ífẹ̀, ó sì wà lẹ́nu àwọn kọ́ńdọ́ wa níbí. Ó dára. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ìjọba ń ṣe ìrántí àwọn ológun tó kú. Wọ́n máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n ń yin ìbọn, àwọn ọlọ́lá ń fi òdòdó lélẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú un. Ó tún jẹ́ ọjọ́ tí àwọn mẹ́jọ̀ yẹn yìnbọn ní 1966, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í sí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà.

Mo máa ń wọ kóòtù mi, mo máa ń fi àmì-ẹ̀yẹ mi sí i, mo sì máa ń lọ. Wọ́n ń fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti mítíǹpáì. Àwọn opó máa ń jókòó lápá ọ̀tún, lábẹ́ kánópì, àwọn oníṣẹ́ ìròyìn á ya fọ́tò wọn, yóò parí. Ọjọ́ 16, ta ló tún bi wọ́n pé ta ni ọkọ yín?

Ilé kẹta sí tèmi, lápá òsì bí ẹ bá ń bọ̀ láti ojú títì, opó ṣọ́jà kan ń gbé níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú ní Làìbéríà. Kò ní ẹni tó ń pọn omi fún un, eyín rẹ̀ ti ká, etí rẹ̀ sì di díẹ̀, nítorí náà ẹ kanlẹ̀kùn dáadáa. Ó mọ ìtàn púpọ̀. Ẹ gbé omi dání.